Iyọ̀, Àáké àti Gẹ̀ẹ́sì Bọ̀dá Fẹ́mi

Èmi ni mo parí ogun Bìáfírà. Ẹ má lanu, ẹ jẹ́ n ráyè sọ ọ́. Wọ́n ti purọ́ fún yín pé àwọn ọ̀gágun ló jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa débẹ̀, mo ti parí ẹ̀ tipẹ́. Àáké ìlagi kan tí èèkù rẹ̀ ti sán ni mo lò, lójú ọ̀sán gangan, ní ẹnu ọ̀nà Màmá Ibinabo ní Borokiri, ní Pọ́tákọ́tù, nígbà tí mi ò tíì mọ okùn ṣòkòtò mi í so dáadáa. Èmi tí mi ò kàwé kọjá kíláàsì karùn-ún. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń wo ara wọn lójú tí mo bá dé ibí yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo ara wọn. Àwọn kan náà ló ń pe ẹni tí wọn ò fojú rí rí, tó wà nínú fóònù, ní ọ̀rẹ́ àtàtà, tí wọ́n á sì já a sílẹ̀ kí bátìrì tó kú. Mo mọ ohun tí ń jẹ́ ọ̀rẹ́. Mo tún mọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pè é, nítorí Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló lé wa jáde nílé.

Aṣọ́bodè ni bàbá mi. Nígbà tí àwọn sójà Ìjọba Àpapọ̀ ti gba ìlú, tí ọkọ̀ òkun tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n gbé e láti Ìjẹ̀bú wá sí wọ́ọ̀fù, ó sì kó èmi àti ìyá mi tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ẹni kó ẹrù. Ilé tí a rí gbà, ilé onípáànù ni, ó ku díẹ̀ kó ti ẹsẹ̀ bọ omi. Mo lè di ojú mi báyìí kí n gbọ́ gbogbo ohùn inú agboolé náà: fèrè ọkọ̀ tí ń ké bí màlúù tó ṣìnà, ọlọ Màmá Ibinabo tí ń lọ ata láti ìdájí, rédíò bàbá mi tí ń wúkọ́ bí arúgbó, àti òjò. Òjò Pọ́tákọ́tù kì í rọ̀, ó ń gbé ìlú náà ni, àwa ènìyàn la wá bá a lálejò. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ó rọ̀ títí ẹja fi ń ti odò rìn wọ ilé ìdáná wa fúnra rẹ̀, tó ń béèrè ibi tí ìkòkò wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ má gbà á gbọ́, ẹja kọ́ ni mo jókòó láti sọ.

Ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ píjìn, ká má tíì wá sọ èdè àwọn ará Okrika. Màmá Ibinabo tó ni ilé, ọmọ Okrika ni, opó ni, ó sì sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ìlẹ̀kùn fi máa ń ronú kó tó gbà á wọlé. Gbogbo Yorùbá tó gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, òun ló sì fi ń kí ìyá mi láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tí adìẹ bá ń wọlé. Síbẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì yìí á jókòó ti ara wọn, oníkálùkù á máa sọ èdè tirẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò rí irú ẹ̀ mọ́ láyé mi, èmi tí mo ti fẹ́ ìyàwó tó gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ.

Ògiri kékeré kan wà láàárín ilé ìdáná wọn, kò ga ju orúnkún àgbà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Kí àwa tó dé, nígbà tí ìlú ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ará Bìáfírà, iyọ̀ ti wọ́n ju wúrà lọ. Màmá Ibinabo ti fi omi òkun tẹ ẹ̀bà fún ọmọ rẹ̀ rí. Ó ti tò síwájú ilé ẹlòmíràn nítorí ṣíbí iyọ̀ kan, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní tiwa, ọkọ̀ ń kó iyọ̀ wọlé, bàbá mi sì ń rí tirẹ̀ gbà. Nítorí náà, tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, ìyá mi á gbé abọ́ iyọ̀ sórí ògiri náà, á sì yíjú sápá kan bí ẹni tí ń wo òjò. Màmá Ibinabo á jáde, á gbé iyọ̀, á gbé abọ́ ìṣáwùrú tàbí ẹja síbẹ̀, òun náà á máa wo òjò. Kò sí ẹni tó ń dúpẹ́. Kò sí ẹni tó tọrọ. Òjò nìkan ni wọ́n jọ ń wò. Oyún sì wà nínú ìyá mi lọ́dún náà, ilé ìwòsàn kún fún sójà tí ìbọn bà. Lọ́jọ́ kan, Màmá Ibinabo fọwọ́ lé e nínú, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí ẹni tẹ mọ́ínmọ́ín wò bóyá ó ti jinná, ó wá na ìka sí àyà ara rẹ̀, ó ní, "Me. I go born am." Ìyá mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí parí nìyẹn. Ta ló nílò ògbufọ̀?

Ìgbà tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé báyìí ni àbúrò ìyá mi dé, Bọ̀dá Fẹ́mi. Bàbá mi ló wá iṣẹ́ akọ̀wé kékeré kan fún un ní wọ́ọ̀fù. Ìdánwò ti lé e kúrò ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n ó wọ táì dé, ó sì mú ìwé kan dání tí kò ní èèpo mọ́, ìwé àwọn àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ikán ti jẹ ìwé náà láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Orí tí ikán dá sí ni ti ọ̀rẹ́ àti olólùfẹ́. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá béèrè ọ̀nà ọjà lọ́wọ́ Bọ̀dá Fẹ́mi, ti ọ̀rẹ́ ló máa fi dá yín lóhùn, torí kò ní òmíràn. Ó ti fi ìwé yẹn kọ ẹnu ìfẹ́ sí gbogbo ọmọge láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù, kò sì sí èyí tó dúró gbọ́ ọ parí. Ikán gbọ́n. Ó mọ èyí tí kò ládùn, ó fi í sílẹ̀.

Ó ní òun máa kọ́ èmi àti Ibinabo. Ibinabo lọmọ Màmá Ibinabo, ẹgbẹ́ mi ni, ó ti kó Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu mi, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Lẹ́yìn tí a bá jẹ iṣu tán, Bọ̀dá Fẹ́mi á tò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbá ìwé ikán náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, eruku á sọ.

"Fair-weather friend," ló wí. "Ọ̀rẹ́ tó ń dúró tini nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára nìkan. Tí òjò bá ti ṣú, ó ti sá lọ."

Ibinabo wo òjò tó ń dà lẹ́yìn rẹ̀. "Uncle, for this Port Harcourt wey rain no dey stop, so nobody get friend?"

"Òwe ni! Òwe ni, Ibinabo!"

"Which kind òwe be that? Who rain pursue go house, e don commit?"

Èmi rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìwé gbá mi lórí. Kò gbá Ibinabo, torí ìyá rẹ̀ ló nilé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ pé tí Òyìnbó bá fẹ́ bá ẹni tuntun sọ̀rọ̀, yìnyín ló kọ́kọ́ ń fọ́. Pé tí ó bá fẹ́yàwó, okùn ló ń ta ní kókó. Pé tí ó bá kù díẹ̀ kó fẹ́ ẹ tí ẹ̀rù bà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tutù. Mo ronú pé ènìyàn tó ń fọ́ yìnyín kiri ni, báwo lẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣe ní tutù? Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bàbá mi wá kí wa, Bọ̀dá Fẹ́mi dìde láàárín àlejò, ó fẹ́ yin ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì, ó ní wọ́n "thick as thieves", wọ́n nípọn bí olè. Nílé aṣọ́bodè! Lójú ọ̀gá aṣọ́bodè! Bàbá mi gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Fẹ́mi, ta ló jalè?" Ọ̀gá náà kò mu omi tí wọ́n bù fún un tán. Èdè tó rí ọ̀rẹ́ méjì, tí nǹkan tó sì sọ sí i lọ́kàn ò ju olè lọ, ẹ ní kí n máa bọ̀wọ̀ fún un.

Ọjọ́ Sátidé kan ni nǹkan bàjẹ́. Òjò ń rọ̀. Ìyá mi ti gbé abọ́ iyọ̀ sórí ògiri, ó ti yíjú. Màmá Ibinabo ti jáde, ó ti nawọ́. Bọ̀dá Fẹ́mi ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo obìnrin méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, àánú wọn ṣe é. Ó rò pé èdè ló wọ́n wọn. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́.

"Madam! A friend in need is a friend indeed!"

Màmá Ibinabo dúró, abọ́ lọ́wọ́. "Who dey need?"

"You, madam," ni Bọ̀dá Fẹ́mi wí, inú rẹ̀ dùn pé ẹnìkan dá òun lóhùn. "You are the friend in need. And my sister, she is the friend indeed."

Mi ò rí kí ojú ènìyàn tì bẹ́ẹ̀ rí. Kò pariwo lákọ̀ọ́kọ́. Ó wo abọ́ iyọ̀ náà bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa rí i pé iyọ̀ ni. Ó wá ní, "So na beggar I be. For my papa land. Na so una dey talk am for inside." Ó da iyọ̀ náà sórí ògiri, gbogbo rẹ̀, òjò sì gbé e lọ níṣojú wa. Ó ti ìlẹ̀kùn.

Ìyá mi yíjú padà. "Fẹ́mi, kí lo sọ fún un?"

"Mo yìn yín ni, àǹtí mi. Ẹ̀yin méjèèjì."

"Mo ní kí lo sọ?"

"Mo ní ọ̀rẹ́ tó wà nínú àìní, òun ni ọ̀rẹ́ tòótọ́."

Ìyá mi ká ọwọ́ lé orí. "O pè é ní aláìní? Obìnrin tó fún mi ní òrùlé? Fẹ́mi, ṣé ikán ò rí ọ jẹ ni?" Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Òun kò mọ̀ pé ẹnìkan wà tó ń ra ẹyin tirẹ̀ ní fífọ́ láti ilé ìtàwé.

Láti ọjọ́ náà, ògiri náà ṣófo. Ìyá mi ń gbé iyọ̀ síbẹ̀, adìẹ ló ń wá wò ó. Bàbá mi wọ aṣọ ìjọba lọ bẹ Màmá Ibinabo, obìnrin náà ní, "I don hear, oga." Gbígbọ́ náà kọ́ ni ìdáríjì. Nígbà tó yá, ó rán Ibinabo sí wa. Ibinabo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò wo ojú mi. "My mama say make una find house. Before harmattan finish." Ìyá mi béèrè ohun tó wí, kò sẹ́ni tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀ tó ti yọ síwájú. Ó mọ̀. Ilé ń lọ, agbẹ̀bí ń lọ, ẹnì kan ṣoṣo tí ń bá a rẹ́rìn-ín nínú ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni ti lọ. Kò rí ẹnu fi bẹ̀bẹ̀, torí bàbá mi ti bẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ tán, ẹnu àgbà tó kù nílé tó gbọ́ èdè méjèèjì, ẹnu Bọ̀dá Fẹ́mi ni, ìyá mi sì ti búra pé tó bá là á níwájú Màmá Ibinabo, òun á fi ọmọrogùn dí i.

Ọyẹ́ dé, ètè wa là. Ní ọ̀sán kan, Bọ̀dá Fẹ́mi jókòó, ìwé lórí itan, ó ń dá sọ̀rọ̀. "They should just bury the hatchet." Mo mọ ohun tí ń jẹ́ hatchet, àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé náà. Àáké ni.

"Bọ̀dá, tí a bá sin ín, ìjà á parí?"

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí Òyìnbó ṣe ń parí tiwọn nìyẹn."

"Níbo ni wọ́n ń sin ín sí?"

"Láàárín àwọn tí ń jà," ló wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Láàárín wa, iwájú ilé tiwa, sìmẹ́ńtì ni. Iwájú ilé Màmá Ibinabo, yanrìn ni. Ẹ wá dájọ́: níbo ni ọmọ tó lọ́gbọ́n lórí máa gbẹ́? Màmá Ibinabo lọ ọjà, mo gbé àáké ìlagi, mo gbẹ́ ilẹ̀. Mo wá rántí pé ohun tí a bá ń sin, a kì í sin ín níhòòhò. Mo wá síńgílẹ́ẹ̀tì funfun bàbá mi, mo wé e lára. Mo sì ro ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i, torí mo ní làákàyè, pé orí iyọ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Mo bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́, mo wọ́n ọn lé e lórí. Mo bò ó, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àáké, aṣọ funfun, iyọ̀, ẹnu ọ̀nà opó. Tí ẹ bá pe gbogbo àwọn tó ń ṣe ibi láyé yìí jọ láti ṣe ètò, wọn ò ní ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Màmá Ibinabo ti ọjà dé, ó rí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Ó dúró gbagidi. Ibinabo ló pariwo. "Bomb! Mama, no march am! Bomb!" Àkókò tí kò sẹ́ni tí ń gbin erèé sílẹ̀ láìjẹ́ pé sójà wá wò ó ni. Kíá, ọ̀kan nínú àwọn sójà tí ń ṣọ́ ìkángun òpópónà wa sáré dé pẹ̀lú ìbọn. Ó ní kí gbogbo wa dọ̀bálẹ̀. Ó fi àyà fà, ó fi igi tọ́ yanrìn náà díẹ̀díẹ̀, òógùn ń já bọ́ lójú rẹ̀. Aṣọ funfun yọ. Ó tú u. Iyọ̀ dà sílẹ̀. Àáké yọrí. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù bọ́ǹbù náà fò sẹ́yìn, fìlà rẹ̀ bọ́. "Na juju! Na bomb dem train me for! I no dey for juju!"

Gbogbo ojú wá ń wo ilé wa, torí gbogbo àdúgbò mọ síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá mi. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lórí inú. Mo mọ̀ pé àkókò àlàyé ti tó. Mo bọ́ sí àárín agboolé, mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù lọ tí mo ní kígbe: "We are burying the hatchet!"

Bọ̀dá Fẹ́mi fi ìwé rẹ̀ bojú.

Màmá Ibinabo wò mí, ó wo àáké, ó wo iyọ̀. Ẹ̀rín mú un. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi jábọ́, títí páànù fi ń dún. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó di inú rẹ̀ mú, wọ́n pàdé níbi ògiri kékeré, wọ́n dì mọ́ ara wọn, ọ̀kan ń sọ Ìjẹ̀bú, ọ̀kan ń sọ Okrika. Ìṣáwùrú àti iyọ̀ padà sórí ògiri kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí rédíò bàbá mi wúkọ́, tó ní ogun ti tán. Ẹ wá sọ fún mi pé èmi kọ́.

Ó dáa. Mo ti dàgbà, mi ò fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí sàréè. Ẹ̀rín yẹn, èmi ni mo fi í síbẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Màmá Ibinabo tẹ̀ba, ó gbọn iyọ̀ inú aṣọ náà sínú yanrìn, ó fọ àáké, ó gbé e ti ògiri ilé wa, ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tí rédíò kéde pé ogun tán, gbogbo òpópónà jó, àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu ilé ìdáná wọn, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n ń wo ijó bí wọ́n ṣe máa ń wo òjò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà rèé, mi ò fi nǹkan kan kún un. A ti di ẹrù wa nígbà tí ọmọ mú ìyá mi. Bàbá mi wà ní wọ́ọ̀fù. Bọ̀dá Fẹ́mi ń sá sókè sódò, ó ń pe mọ́tò tí kò sí. Ìyá mi kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Màmá Ibinabo wọlé pẹ̀lú bàsíà tirẹ̀, ó fi ìgbúnwọ́ ti Bọ̀dá Fẹ́mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Commot for road." Òun ló gbẹ̀bí àbúrò mi obìnrin. Nígbà tó ṣe tán, ó fọ ọwọ́, ó fẹ́ máa lọ. Ìyá mi di etí ìró rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń sọ Yorùbá tí kò lópin. Màmá Ibinabo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Àwọn adìẹ ń wọlé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó wò ó lójú, ó ní, "Ẹ káàárọ̀." Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ pé kí a dúró. A kó lọ kí ọyẹ́ tó tán, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí.

Lálẹ́ ọjọ́ ìbí náà, nígbà tí Màmá Ibinabo jáde tán, Bọ̀dá Fẹ́mi la ẹnu. Ó mọ Gẹ̀ẹ́sì ohun tí obìnrin náà ṣe, ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ìyá mi gbórí sókè lórí ẹní, ó ní, "Fẹ́mi, tó o bá sọ ọ́, àáké wà níta." Ó pa ẹnu dé.

Ẹ̀rín yẹn nìkan ni mo parọ́ rẹ̀. Ti ogun, èmi ni mo parí ẹ̀.